Òṣùpá Kéékèèké àti Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Sátẹ́láìtì Yúróòpù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Bí ìròyìn ọkọ̀ tí wọ́n rán lọ sójú ọ̀run bá jáde, orúkọ àjọ tó rán an la sábà máa ń gbọ́. Àwọn tó kàn án, tó so wáyà rẹ̀, tó dán bátìrì rẹ̀ wò títí ilẹ̀ fi mọ́, kì í sí nínú ìròyìn. Bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sátẹ́láìtì tí ẹ fi ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n náà ló ń kan ọkọ̀ tó ń lọ wo àwọn òṣùpá kéékèèké. Bí ọjà bá tà fún wọn, ìwádìí á máa lọ. Bí iṣẹ́ bá dá lọ́wọ́ wọn, ìwádìí náà á dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ síbí.

Kí lẹ ń pè ní òṣùpá kékeré gan-an?

Ohunkóhun tó bá ń yí pílánẹ́ẹ̀tì po lójú ọ̀run, tí kì í ṣe ènìyàn ló ṣe é, òṣùpá ni. Tiwa tóbi, ó fẹ̀ tó 3,474 kìlómítà láti etí kan dé èkejì. Ganymede tó jẹ́ ti Júpítà tiẹ̀ tóbi ju odidi pílánẹ́ẹ̀tì Mercury lọ. Àwọn ńlá wọ̀nyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Phobos àti Deimos ni, òṣùpá méjì tí Máàsì ní. Phobos gùn tó 27 kìlómítà níbi tó ti gùn jù, Deimos sì tó bíi 15. Wọn ò rí róbótó bí tiwa, torí pé agbára òòfà wọn kò tó èyí tó lè ki wọ́n pọ̀ di róbótó.

A ó tún mẹ́nu ba Enceladus ti Sátọ̀n, tó fẹ̀ tó 504 kìlómítà, àti Dimorphos, tí kò ju nǹkan bíi 150 mítà lọ. Dimorphos ò tilẹ̀ yí pílánẹ́ẹ̀tì kankan po. Àpáta òfurufú kan tó ń jẹ́ Didymos ló ń yí po, àmọ́ òṣùpá lòun náà, ó sì ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ta ló kọ́kọ́ rí àwọn òṣùpá Máàsì?

Asaph Hall, ọmọ Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1877, ní ibùdó ìwòràwọ̀ àwọn ológun ojú omi ní Washington. Ó ti ń sú u, ó fẹ́ pa á tì, ni ìyàwó rẹ̀, Angeline Stickney, bá ní kó padà sídìí ẹ̀rọ. Obìnrin náà mọ ìṣirò dáadáa, òun ló tiẹ̀ kọ́ Hall ní ìṣirò kí wọ́n tó fẹ́ra. Kòtò tó tóbi jù lọ lára Phobos, tó fẹ̀ tó kìlómítà 9, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́: Stickney. Ó wù mí pé orúkọ ẹni tó ní kí ọkọ òun má jáwọ́ ló wà níbẹ̀.

Àpáta lásán ni. Kí ló dé tí wọ́n fi ń náwó lé e?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Máàsì. Ẹnu àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ò tíì kò lórí ibi tí Phobos àti Deimos ti wá. Àwọn kan ní àpáta òfurufú tó ń ré kọjá lọ ni wọ́n, tí òòfà Máàsì fi gbá wọn mú. Àwọn mìíràn ní ohun ńlá kan ló kọ lu Máàsì láyé àtijọ́, tí èérún ilẹ̀ fi fò sókè, tí èérún náà sì kóra jọ di òṣùpá. Bí ti ẹ̀yìn yìí bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ilẹ̀ Máàsì tó ti pẹ́ gan-an wà lórí Phobos, tí òjò ò rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ò gbá, tó kàn wà níbẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó máa bù ú. Ẹni tó bá bù ú wálé ti rí ìtàn Máàsì fi ọwọ́ kàn, láìjẹ́ pé ó balẹ̀ sí Máàsì fúnra rẹ̀.

Phobos tún ní àrà tirẹ̀. Kò ju nǹkan bíi 6,000 kìlómítà lọ sí ilẹ̀ Máàsì, wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 39 ló sì fi ń yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ Máàsì lé díẹ̀ ní wákàtí 24, nítorí náà ẹni tó bá dúró lórí Máàsì á rí Phobos tó ń yọ ní ìwọ̀-oòrùn, tó ń wọ̀ ní ìlà-oòrùn. Ó sì ń sún mọ́ Máàsì, bíi mítà 1.8 ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé láàárín 30 sí 50 mílíọ̀nù ọdún, yóò já lu Máàsì tàbí kó fọ́ yángá di òrùka yí i ká.

Ti Dimorphos kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, torí ó jẹ mọ́ ààbò ilẹ̀ ayé. Mo ti ya ìbéèrè tirẹ̀ sọ́tọ̀ nísàlẹ̀.

Ṣé ọkọ̀ ti balẹ̀ sórí Phobos tàbí Deimos rí?

Rárá o. Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú. Ní oṣù keje ọdún 1988, ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì rán ọkọ̀ méjì, Phobos 1 àti Phobos 2, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù mélòó kan sì fi ẹ̀rọ tiwọn sínú wọn. Phobos 1 ò débẹ̀ rárá. Àṣẹ kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ayé ní àṣìkọ ẹyọ àmì kan ṣoṣo nínú, àṣìkọ yẹn sì pa ẹ̀rọ tó ń darí ìdúró rẹ̀. Ọkọ̀ náà yí ẹ̀yìn sí oòrùn, pánẹ́ẹ̀lì sólà rẹ̀ ò rí ìmọ́lẹ̀ mọ́, bátìrì kú, ó parí. Phobos 2 dé Máàsì ní oṣù kìíní ọdún 1989, ó ya àwòrán Phobos mélòó kan, ó ku díẹ̀ kó ju ẹ̀rọ tó gbé dání sílẹ̀ lórí òṣùpá náà ni ohùn rẹ̀ dákẹ́, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta.

Rọ́ṣíà tún gbìyànjú ní oṣù kọkànlá ọdún 2011 pẹ̀lú Phobos-Grunt, tó fẹ́ lọ bu ilẹ̀ ibẹ̀ wálé. Kò kúrò ní àyíká ilẹ̀ ayé. Ó ń yí wa po bẹ́ẹ̀ títí ó fi já bọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2012. Sátẹ́láìtì kékeré kan tí Ṣáínà ṣe, Yinghuo-1, wà nínú rẹ̀, ó sì bá a lọ.

Kí wá ni Yúróòpù ti ṣe níbẹ̀?

Mars Express, ọkọ̀ kan tó ń yí Máàsì po. Bí ẹnì kan bá ní kí n tọ́ka sí iṣẹ́ kan tí owó rẹ̀ kò ga tó sì pẹ́ níbi iṣẹ́, òun ni n ó tọ́ka sí. ESA, àjọ òfurufú Yúróòpù, gbé iṣẹ́ àgbàṣe rẹ̀ fún Astrium ní Toulouse (Airbus ni wọ́n wà nínú rẹ̀ nísinsìnyí). Wọ́n ń fi ìṣirò àti ẹ̀yà ọkọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Rosetta ṣe é, kí wọ́n má baà bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Express náà nìyẹn, wọ́n yára kàn án. Ó gbéra ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2003 láti Baikonur ní Kazakhstan, ó dé Máàsì ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà. Ẹ̀rọ Beagle 2 tí àwọn ará Bìrìtéènì fi sínú rẹ̀ balẹ̀ sí Máàsì àmọ́ kò sọ̀rọ̀ rárá. Ọdún 2015 ni àwòrán láti òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn pé gbogbo pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ò ṣí tán.

Ìyá ọkọ̀ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ọ̀nà tó ń gbà yí Máàsì po gùn lápá kan, èyí sì ń mú un kọjá lẹ́bàá Phobos léraléra. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 2013, ó kọjá ní kìlómítà 45 péré sí i. Ó sún mọ́ ọn débi pé kò ráyè ya àwòrán. Ìwọ̀n ni wọ́n ń wá.

Báwo lèèyàn ṣe ń wọn òṣùpá láìní òṣùwọ̀n?

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí. Ọkọ̀ náà ń fi rédíò bá ilẹ̀ ayé sọ̀rọ̀, orí ìgbì kan náà ló sì ń wà. Nígbà tó bá ń kọjá lẹ́bàá Phobos, òòfà Phobos á fà á díẹ̀, ìyára rẹ̀ á yí díẹ̀. Bí ìyára bá ti yí, ìgbì rédíò tó dé ọ̀dọ̀ wa á ga sókè tàbí kó lọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìró áńbúláǹsì ṣe ń yí padà nígbà tó bá ń bọ̀ àti nígbà tó bá kọjá. Ìyípadà náà tín-ín-rín gan-an. Àmọ́ agogo tó ń ka ìgbì ní àwọn ibùdó ńlá tí ESA ní, ní New Norcia ní Ọsirélíà, Cebreros ní Sípéènì àti Malargüe ní Ajẹntínà, mọ́ ọn débi pé wọ́n lè rí i. Láti inú ìyípadà yẹn ni wọ́n ti ṣírò bí Phobos ṣe wúwo tó.

Nígbà tí wọ́n wá fi títóbi rẹ̀ pín ìwúwo náà, ó yà wọ́n lẹ́nu. Phobos fúyẹ́ jù fún àpáta tó dì. Láàárín ìdá 25 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún inú rẹ̀ ló jẹ́ àlàfo. Òkìtì àpáta tó fara tira ni, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé èérún ló kóra jọ lóòótọ́.

Ẹ tún kíyè sí i pé ìmọ̀ yìí, ìyẹn kíka ìgbì rédíò lọ́nà tó péye, iṣẹ́ òòjọ́ ilé-iṣẹ́ sátẹ́láìtì ni. Òun náà ni wọ́n fi ń mọ ibi tí sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n wà lókè.

Kí ni MMX, kí ló sì kan Yúróòpù nínú rẹ̀?

MMX jẹ́ ọkọ̀ tí JAXA, àjọ òfurufú Jàpáánù, ṣe láti lọ sí àwọn òṣùpá Máàsì. Wọ́n fẹ́ kó bu ó kéré tán gíráàmù 10 nínú ilẹ̀ Phobos, kó sì gbé e wálé ní ọdún 2031. Ọdún 2024 ló yẹ kó ti lọ, àmọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì H3 tuntun tí Jàpáánù fẹ́ fi gbé e kùnà nígbà tó kọ́kọ́ fò ní oṣù kẹta ọdún 2023, ni wọ́n bá sún un sí 2026.

Ohun tó kan Yúróòpù níbẹ̀ ni IDEFIX, ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí àjọ òfurufú Faransé (CNES) àti ti Jámánì (DLR) jọ ṣe. Kò ju nǹkan bíi 25 kìlógíráàmù lọ. Wọ́n fẹ́ kó kọ́kọ́ balẹ̀ kó wo irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀, kí ọkọ̀ ńlá tó fara rẹ̀ wewu.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe le tó. Ẹni tó wúwo tó 70 kìlógíráàmù níhìn-ín, bíi 40 gíráàmù ni yóò wọ̀n lórí Phobos. Bí ẹ bá ju bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní ìyára tó lé ní 40 kìlómítà ní wákàtí kan, kò ní padà wálẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ ńlá yóò jù IDEFIX sílẹ̀ láti ibi tí kò ga púpọ̀ sí ilẹ̀, láìsí páráṣúùtì, torí kò sí afẹ́fẹ́ tí páráṣúùtì máa dì mú. Yóò rọra já, yóò ta, yóò gbókìtì, ó lè dojú dé. Nígbà tó bá fara balẹ̀ tán ni yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde, tí yóò sì ṣí pánẹ́ẹ̀lì sólà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni táyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ní mìlímítà díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí bí ó bá yára, yóò fò kúrò nílẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ darí gbogbo èyí láti ayé. Ọ̀rọ̀ rédíò láti ibí dé Máàsì ń gba ìṣẹ́jú 3 nígbà tó bá sún mọ́ wa, ó sì ń lé ní 20 nígbà tó bá jìnnà.

Ẹ sọ pé ti Dimorphos jẹ mọ́ ààbò ayé. Báwo?

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, NASA fi ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ DART kọ lu Dimorphos, ní ìyára bíi kìlómítà 6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn lè yí ọ̀nà àpáta òfurufú padà, bí ọ̀kan bá ń bọ̀ wá bá wa lọ́jọ́ iwájú. Dimorphos fúnra rẹ̀ ò bọ̀ wá bá ẹnikẹ́ni. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n yan òṣùpá ni pé ó rọrùn láti rí àyípadà: kí wọ́n tó kọ lù ú, wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 55 ló fi ń yí Didymos po. Lẹ́yìn náà, ó dín ní ìṣẹ́jú bíi 32. Ìṣẹ́jú àáyá 73 péré ni NASA ti sọ pé ó tó fún àṣeyọrí.

Ilé-iṣẹ́ Yúróòpù wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. LICIACube, sátẹ́láìtì kékeré tí Argotec ti Turin ṣe fún àjọ òfurufú Ítálì, ni DART gbé dání, tó sì sọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ 15 ṣáájú. Ó ń kọjá lọ ló ya àwòrán eruku tó ń tú jáde.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbá nǹkan gbọ́dọ̀ padà lọ wo ojú ọgbẹ́. A mọ̀ pé Dimorphos yí ọ̀nà padà. A ò mọ bí ó ṣe wúwo tó, a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, a ò sì mọ̀ bóyá kòtò ló dá sí i lára àbí gbogbo ara rẹ̀ ló yí padà. Láìmọ èyí, a ò lè fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ṣírò ti àpáta mìíràn. Ìyẹn ni Hera, ọkọ̀ tí ESA rán, ń lọ wò.

Hera gbéra ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2025, ó gba ọ̀dọ̀ Máàsì kọjá kí òòfà ibẹ̀ lè ti ìrìn rẹ̀ síwájú, ó sì ya àwòrán Deimos láti nǹkan bíi 1,000 kìlómítà. Wọ́n ṣètò pé kó dé ọ̀dọ̀ Didymos ní apá ìparí ọdún 2026. Tó bá débẹ̀, yóò tú sátẹ́láìtì kéékèèké méjì sílẹ̀. Milani, tí Tyvak International ti Turin ṣe, yóò wo irú òkúta tó wà níbẹ̀ àti eruku. Juventas, tí GOMspace (ilé-iṣẹ́ Denmark tó ní ẹ̀ka ní Luxembourg) ṣe, ló gbé rédà tí yóò wo inú Dimorphos. Kò sí ẹni tó tíì fi rédà wo inú àpáta òfurufú bẹ́ẹ̀ rí. Ìkọ̀ọ̀kan wọn kò gùn ju bí ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Níparí iṣẹ́, wọ́n fẹ́ kí wọ́n gbìyànjú láti balẹ̀ sórí Dimorphos.

Èló ni Hera ná wọn, ta ló sì kàn án?

OHB ti Bremen ní Jámánì ló gba iṣẹ́ àgbàṣe náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ní 129.4 mílíọ̀nù yúrò. Gbogbo ètò náà lápapọ̀ tó 363 mílíọ̀nù yúrò. Ilé-iṣẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló dá sí i. Avio ti Ítálì ṣe ẹ̀rọ tó ń tì í. Jena-Optronik ti Jámánì ṣe kámẹ́rà rẹ̀. GMV ti Sípéènì ló ṣe ọgbọ́n tí yóò fi máa mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀.

OHB yìí ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò ju márùn-ún lọ, tí wọ́n ń tún ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ojú omi ṣe. Obìnrin kan, Christa Fuchs, ló gbà á, ọkọ rẹ̀ Manfred wá dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì yí i sí iṣẹ́ òfurufú. Nígbà tó yá, OHB ló kan 34 nínú àwọn sátẹ́láìtì Galileo, ìyẹn ètò ìtọ́nà tí Yúróòpù fi ń dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ láìgbára lé GPS Amẹ́ríkà. Sátẹ́láìtì kan lẹ́yìn òmíràn, irú kan náà, ọdún lórí ọdún. Ibẹ̀ ni ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni tó fa Hera lé wọn lọ́wọ́. GMV náà, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun ni ọgbọ́n ìdarí sátẹ́láìtì fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀. Ohun tí mò ń sọ láti òkè nìyẹn: kò sí ẹni tó lè la ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ torí Dimorphos nìkan.

Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ńkọ́?

Airbus Defence and Space ló tóbi jù. Toulouse, Friedrichshafen ní Jámánì àti Stevenage ní Bìrìtéènì wà lára àwọn ọgbà rẹ̀. Òun ló kan JUICE, tó gbéra ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2023, tó ń lọ wo àwọn òṣùpá ńlá Júpítà. Thales Alenia Space tẹ̀ lé e, Thales ti Faransé ní ìdá 67 nínú rẹ̀, Leonardo ti Ítálì ní ìdá 33. Ọgbà rẹ̀ ní Cannes ni wọ́n ti kan Huygens, ẹ̀rọ tó balẹ̀ sórí Titan, òṣùpá Sátọ̀n, ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2005. Kò tíì sí ẹ̀rọ tó balẹ̀ síbi tó jìnnà ju ìyẹn lọ.

Báwo ni ESA ṣe ń pín iṣẹ́ fún wọn?

Orílẹ̀-èdè 23 ló wà nínú ESA. Ohun tí orílẹ̀-èdè kan bá dá, iye tó sún mọ́ ọn gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Àwọn kan máa ń bú òfin yìí, wọ́n ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, torí pé wọ́n ń pín ọkọ̀ kan sí ìlú ogún. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, mo rò pé láìsí òfin yìí, Luxembourg àti Denmark ò ní rí ohun gbé ṣe nínú Hera, rédà inú Juventas náà ò sì ní sí. Ìlú kékeré tó bá rí iṣẹ́ kékeré gbà ló ń kọ́ ọmọ tó máa ṣe ńlá.

Kí ló dé tí Hera fi bá rọ́kẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà lọ?

Torí nígbà tí wọ́n ń yan rọ́kẹ́ẹ̀tì fún un ní 2022, Yúróòpù ò ní èyí tó ṣófo nílẹ̀. Ariane 5 ń tán lọ, Ariane 6 pẹ́ kó tó jáde, Soyuz tí wọ́n ń yá lọ́wọ́ Rọ́ṣíà sì dópin nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine ní 2022. Falcon 9 ti Amẹ́ríkà ló kù. Ariane 6 kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2024, láti Kourou ní Guiana Faransé.

A gbọ́ pé nǹkan ò rọgbọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Fún ìgbà pípẹ́, sátẹ́láìtì ńlá fún tẹlifíṣọ̀n ló ń bọ́ wọn. Ìkọ̀ọ̀kan wúwo tó tọ́ọ̀nù mélòó kan, ó ń dúró sójú kan ní 36,000 kìlómítà lókè wa. Àwọn ènìyàn ti ń wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, bẹ́ẹ̀ ni Starlink ti da ẹgbẹẹgbẹ̀rún sátẹ́láìtì kéékèèké sí òkè tó sún mọ́ wa. Àwa náà mọ̀ ọ́n, Nàìjíríà ló kọ́kọ́ lò ó ní Áfíríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Àwọn tó ń ra sátẹ́láìtì ńlá wá dín kù. Ní 2024, Airbus kéde pé òun máa dín òṣìṣẹ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì kù ní ẹ̀ka yìí.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Airbus, Thales àti Leonardo fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti da iṣẹ́ òfurufú wọn pọ̀ sí ilé-iṣẹ́ kan, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò tó 25,000, tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún yóò sì tó 6.5 bílíọ̀nù yúrò. Airbus ní ìdá 35, àwọn méjì yòókù ní ìdá 32.5 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ku kí àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó ìdíje ọjà gbà. Ọdún 2027 ni wọ́n fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìjọba Yúróòpù náà gbé IRIS² kalẹ̀, sátẹ́láìtì bíi 290 fún íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn, ní 10.6 bílíọ̀nù yúrò. SES, Eutelsat àti Hispasat ló gbà á ní oṣù kejìlá ọdún 2024.

Ìdàpọ̀ yẹn ń kọ mí lóminú díẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ méjì tó ń du iṣẹ́, Airbus àti Thales Alenia, bá di ẹyọ kan, ta ni yóò máa bá a du iṣẹ́ àgbàṣe ESA? OHB ló kù, ó sì kéré sí i gan-an. Àmọ́ bí wọn ò bá dà pọ̀, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ń pàdánù, àwọn ẹnjiníà tó mọ ọ̀nà òṣùpá ló máa kọ́kọ́ lọ síbòmíràn. Ẹni tó ti kan ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó lọ sí Máàsì, ìmọ̀ tó wà lórí rẹ̀ ò sí nínú ìwé kankan.

Ẹ mẹ́nu ba Enceladus. Kí ló wà níbẹ̀?

Omi. Ní 2005, ọkọ̀ Cassini, tí NASA, ESA àti Ítálì jọ ni, rí omi tó ń tú jáde láti gúúsù òṣùpá náà. Òkun wà lábẹ́ yìnyín rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2015, Cassini kọjá nínú omi náà ní kìlómítà 49 sí ilẹ̀. Iyọ̀, haidirójìnì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú ohun tí wọ́n ti rí níbẹ̀, wọ́n sì wà lára ohun tí ẹ̀dá alààyè nílò. Ní 2024, ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí ESA yàn ní Enceladus ni kí ọkọ̀ ńlá wọn tó ń bọ̀ lọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2040. Ọmọ tó wà ní pírámárì lónìí ló máa ka ohun tí ọkọ̀ náà bá rí.

Ṣé ọmọ Nàìjíríà ní nǹkan ṣe nínú gbogbo èyí?

Ní ti òṣùpá kéékèèké, a ò tíì débẹ̀. Ní ti ilé-iṣẹ́ sátẹ́láìtì Yúróòpù, a ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Surrey Satellite Technology ní Guildford, ní gúúsù ilẹ̀ Bìrìtéènì, ló bá wa ṣe NigeriaSat-1, tó gbéra ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003. Sátẹ́láìtì yẹn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi àwòrán ránṣẹ́ nígbà tí ìjì Katrina ba New Orleans jẹ́ ní 2005. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2011, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X jọ gbéra. NigeriaSat-X, àwọn ẹnjiníà wa tí wọ́n rán lọ kọ́ṣẹ́ ní Guildford ló fi ọwọ́ ara wọn kàn án. Ilé-iṣẹ́ kan náà yìí ló ṣe ẹ̀rọ ìtọ́nà tó wà nínú àwọn sátẹ́láìtì Galileo tí OHB kàn, Airbus ló sì ni ín báyìí. Ibi tí àwọn ọmọ wa ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń so wáyà sátẹ́láìtì kò jìnnà rárá sí ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ Máàsì.

Ọmọ mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Níbo ló ti lè bẹ̀rẹ̀?

Kí ó mú físíìsì àti ìṣirò ní pàtàkì. Àjọ NASRDA ní Abuja ló ń bójú tó ètò òfurufú Nàìjíríà. Ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ibùdó ẹ̀kọ́ òfurufú kan wà fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí.

Tó bá sì fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan lónìí, àwọn àwòrán àti dátà Mars Express, títí kan ti Phobos, wà ní ìpamọ́ ESA tó ń jẹ́ Planetary Science Archive. Nítòsí Madrid ni wọ́n ti ń bójú tó o. Ẹnikẹ́ni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì lè wọ ibẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.